Tí kóró sẹ́ẹ̀lì ẹranko kan bá wọ inú ẹyin ẹranko mìíràn: ìbéèrè àti ìdáhùn

Olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni mí ní iléèwé girama. Kò sí ọdún tí a dé orí ẹ̀kọ́ sẹ́ẹ̀lì tí ọmọ kan kò ní nawọ́ sókè pé: "Sà, tí wọ́n bá yọ kóró sẹ́ẹ̀lì ewúrẹ́, tí wọ́n wá fi sínú ti àgùntàn ńkọ́?" Gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín, torí àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìbéèrè yẹn ni wọ́n fi ọjọ́ ayé wọn ṣe. Mo kó àwọn ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e jọ síbí: ti àwọn ọmọ, ti àwọn òbí wọn, àti ti àwọn tó máa ń fi fídíò oríṣiríṣi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp.

Kí ni kóró, kí sì ni ohun tó yí i ká?

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú àṣìṣe kan kúrò nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé pupa ẹyin adìyẹ ni kóró ẹyin. Rárá o. Oúnjẹ ọmọ ni pupa yẹn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún fọ́ ẹyin sínú àwo, kí ẹ tó pò ó, ẹ wo orí pupa náà dáadáa. Ẹ óò rí àmì funfun kékeré kan níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ohun tó lè di ọmọ adìyẹ wà.

Kóró, tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè ní nucleus, ni àpótí tí DNA, ìwé àjogúnbá wa, wà nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tó kù nínú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn omi kíki tó yí kóró ká àti àwọn nǹkan kéékèèké inú rẹ̀, ni cytoplasm. Omi sẹ́ẹ̀lì ni n óò máa pè é. Inú omi yìí ni maitokọ́ńdíríà wà, jẹnẹrétọ̀ tó ń fún sẹ́ẹ̀lì ní iná. Ẹ fi jẹnẹrétọ̀ yìí sọ́kàn, torí òun ni yóò dá wàhálà sílẹ̀ níwájú. Ó ní DNA tirẹ̀ lọ́tọ̀: jíìnì, ìyẹn ìtọ́ni kọ̀ọ̀kan inú ìwé àjogúnbá, 37 péré ló wà nínú ti èèyàn, bẹ́ẹ̀ èyí tó ń ṣe purotéènì nínú kóró tó nǹkan bíi 20,000.

Ohun tí a ń sọ ni pé kí wọ́n mú kóró irú ẹ̀dá kan, kí wọ́n fi sínú omi sẹ́ẹ̀lì irú ẹ̀dá mìíràn. Orúkọ tí wọ́n ń pe sẹ́ẹ̀lì tó bá tibẹ̀ jáde ni cybrid.

Ṣé kì í ṣe ohun kan náà ni pẹ̀lú ìbaaka?

Ó tì. Ìbaaka ní kúrómósóòmù, ìyẹn ìdìpọ̀ DNA inú kóró, 63: ẹṣin fún un ní 32, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ fún un ní 31. Inú kóró gan-an ni ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ti pàdé. Ní ti cybrid, kóró jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, kò sí àdàlù nínú rẹ̀. Ilé tó ń gbé ló jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Ẹlẹ́kẹta tún wà tí àwọn èèyàn máa ń kó mọ́ ọn. Ní ọdún 1965, ní Oxford, Henry Harris àti John Watkins fi fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti pa agbára rẹ̀ lẹ sẹ́ẹ̀lì èèyàn mọ́ ti eku, tó di sẹ́ẹ̀lì kan. Odindi méjì ni wọ́n pò pọ̀ níbẹ̀, kóró pẹ̀lú kóró. Òun náà wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun là ń sọ.

Ta ló kọ́kọ́ dán an wò?

Ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Joachim Hämmerling ni n óò kọ́kọ́ dárúkọ, kì í tilẹ̀ ṣe ẹranko ló lò. Ewéko inú òkun kan wà tí wọ́n ń pè ní Acetabularia. Odindi rẹ̀ jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, síbẹ̀ ó lè gùn tó ìka ọwọ́. Kóró rẹ̀ wà nísàlẹ̀ nídìí, igi rẹ̀ nà róró sókè, ó sì dé fìlà. Irú kan ń dé fìlà tó yí po bí agbòjò. Ti irú kejì, etí fìlà rẹ̀ là sí wẹ́wẹ́ bí ìka. Ní àwọn ọdún 1930, Hämmerling gé igi irú kan tí kò ní kóró nínú, ó so ó mọ́ ìdí irú kejì níbi tí kóró wà, ó wá ń dúró de fìlà tuntun. Fìlà tó kọ́kọ́ hù jẹ́ àdàlù, ó jọ ti méjèèjì. Ó gé e dànù. Èyí tó tún hù lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ti oní-kóró pátápátá.

Àwọn ìwé iléèwé máa ń sáré kọjá fìlà àdàlù yẹn kí wọ́n lè tètè dé orí pé kóró ni ọ̀gá. Èmi kì í sáré kọjá rẹ̀. Ohun tó fi hàn ni pé iṣẹ́ tí kóró àtijọ́ ti rán sílẹ̀ kí wọ́n tó gé e kúrò ṣì wà nínú igi náà, wọ́n sì ń jẹ́ iṣẹ́ náà lọ títí ó fi tán. Omi sẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ìkòkò òfìfo. Èyí tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ ẹranko mìíràn ní ohun tí onílé àkọ́kọ́ fi sílẹ̀ nínú.

Ní ti ẹranko, ọdún 1952 ni Robert Briggs àti Thomas King, ní Philadelphia, fi kóró sínú ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n ti yọ tinú rẹ̀, tó sì di ọmọ ọ̀pọ̀lọ́. Irú ọ̀pọ̀lọ́ kan náà nìyẹn o. Nígbà tí àwọn kan wá mú kóró irú ọ̀pọ̀lọ́ kan sínú ẹyin irú mìíràn, púpọ̀ nínú àwọn ọlẹ̀ náà dàgbà díẹ̀, wọ́n sì dúró síbi kan náà, kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín sí ẹ̀yà. Ẹja ṣe dáadáa jù wọ́n lọ: ní Ṣáínà, Tong Dizhou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ẹja tó dàgbà látinú kóró irú kan àti ẹyin irú kejì tó sún mọ́ ọn.

Ọwọ́ wo ni wọ́n fi ń yọ ohun tí ojú lásán ò rí?

Ẹ jẹ́ ká lo ẹyin màlúù, torí òun ló pọ̀ jù lọ: ibi ìpẹran ni wọ́n ti ń kó ilé ẹyin rẹ̀. Ẹyin kan kò ju ẹyọ iyanrìn kíkúnná lọ. Wọ́n á fi sínú ìkán omi kan lábẹ́ òróró, lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Lápá òsì, ọ̀pá gíláàsì kan tí ẹnu rẹ̀ ti di dídán á fà á mọ́ra díẹ̀, bí ìgbà tí ọmọdé fi èémí fa kóró àgbálùmọ̀ mọ́ ètè, kó má baà yí kiri. Lápá ọ̀tún, abẹ́rẹ́ gíláàsì oníhò á gun èèpo ẹyin náà wọlé. Wọ́n ti fi oògùn kan tí wọ́n ń pè ní cytochalasin sínú omi náà ṣáájú, òun ló ń mú kí ara ẹyin rọ̀, kó má bẹ́.

Ibo ni abẹ́rẹ́ ń lọ? Ẹyin tó ti gbó máa ń ti bọ́ọ̀lù kékeré kan síta sábẹ́ èèpo rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀lù yìí ni kúrómósóòmù ẹyin sábà máa ń wà. Onítọ̀hún á fa bọ́ọ̀lù náà pẹ̀lú omi sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jáde. Wọ́n á wá fi aró tó ń tàn búlúù wò ó bóyá DNA ti bá a jáde lóòótọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ti odindi sẹ́ẹ̀lì ara ẹranko kejì sábẹ́ èèpo, wọ́n á fi iná mànàmáná kékeré ta á kó lè lẹ̀ mọ́ ẹyin, wọ́n á sì fi kẹ́míkà tan ẹyin náà jẹ pé àtọ̀ ti wọlé, kó bẹ̀rẹ̀ sí í pín.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bàjẹ́ ò lóǹkà. Dolly, àgùntàn tí wọ́n bí ní Roslin ní ilẹ̀ Scotland ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1996, òun nìkan ló yọ nínú ẹyin 277 tí wọ́n tò báyìí. Àgùntàn sínú àgùntàn nìyẹn.

Ẹranko wo ló ti wáyé láti inú ẹyin irú mìíràn?

Èyí tó kọ́kọ́ di ariwo ni Noah, ọmọ gaur. Gaur ni màlúù igbó ńlá tó wà ní Íńdíà àti agbègbè rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Advanced Cell Technology ní Amẹ́ríkà mú awọ ara akọ gaur kan tó ti kú, tí wọ́n tọ́jú sínú òtútù, wọ́n fi kóró rẹ̀ sínú ẹyin màlúù ilé 692. Mẹ́jọ péré nínú àwọn màlúù tí wọ́n gbé ọlẹ̀ náà sí nínú ló lóyún. Ọ̀kan ló bí: màlúù kan tó ń jẹ́ Bessie ló bí Noah ní ọjọ́ 8 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2001. Kò lò ju ọjọ́ méjì lọ tí ìgbẹ́ ọ̀rìn fi pa á.

Ti Sípéènì ló dùn mí jù. Ewúrẹ́ orí òkè kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní bucardo. Celia ni èyí tó kẹ́yìn nínú wọn. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2000, igi wó pa á. Wọ́n ti gba awọ díẹ̀ lára rẹ̀ kó tó kú. Wọ́n fi kóró rẹ̀ sínú ẹyin ewúrẹ́ ilé, wọ́n sì bí ọmọ kan ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2003. Ẹ̀dọ̀fóró ọmọ náà kò dára. Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ tó fi kú. Ẹranko tó kú tán pátápátá lẹ́ẹ̀mejì, òun nìkan ni mo mọ̀.

Àwọn kan yè o. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2020, wọ́n bí Elizabeth Ann ní Amẹ́ríkà. Black-footed ferret ni, ẹranko tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ run. Kóró rẹ̀ wá láti ara abo kan tó ti kú láti ọdún 1988. Ferret ilé ló fún un ní ẹyin, òun náà ló sì gbé oyún rẹ̀. Antonia, tí wọ́n ṣe lọ́nà kan náà látara abo yẹn, ti bímọ fúnra rẹ̀ ní ọdún 2024. Jẹnẹrétọ̀ ara wọn jẹ́ ti ferret ilé.

Kí ló dé tó ń bọ́ sí i fún àwọn kan, tí kì í bọ́ sí i fún àwọn mìíràn?

Ẹ rántí jẹnẹrétọ̀. Jíìnì 37 tó wà nínú rẹ̀ kò tó láti fi kọ́ ọ. Purotéènì 13 péré ni wọ́n ń ṣe. Èyí tó kù, tó lé ní 1,000, kóró ló ń ṣe é ránṣẹ́ sí i láti òde. Ẹ mú páàtì tó tóbi jù nínú ẹ́ńjìnì náà: nǹkan bíi ègé 45 ló parapọ̀ di í, 7 látinú maitokọ́ńdíríà fúnra rẹ̀, èyí tó kù látọ̀dọ̀ kóró. Kóró ń rọ bóòtù, maitokọ́ńdíríà ń rọ nọ́ọ̀tì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wọ ara wọn géérégé. Ẹni tó bá ti gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì rí mọ ohun tí mò ń sọ: nọ́ọ̀tì tó jọ èyí tó sọnù kọ́ ló ń wọlé, èyí tó bá ojú eyín rẹ̀ mu ló ń wọlé.

Nígbà tí irú ẹ̀dá méjì bá ti pínyà fún mílíọ̀nù ọdún, bóòtù ti yí díẹ̀díẹ̀, nọ́ọ̀tì sì ń bá a yí, oníkálùkù nínú ilé tirẹ̀. Ní ọdún 1997, Lesley Kenyon àti Carlos Moraes ní Miami dán èyí wò láìsí ẹyin tàbí oyún kankan. Wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì èèyàn tí kò ní DNA nínú maitokọ́ńdíríà rẹ̀ mọ́, wọ́n fi maitokọ́ńdíríà àwọn ẹbí ìnàkí sínú rẹ̀. Ti chimpanzee ṣiṣẹ́. Ti bonobo ṣiṣẹ́. Ti gorilla náà ṣiṣẹ́. Ti orangutan, tó jìnnà sí wa ju àwọn yẹn lọ, kọ̀ jálẹ̀. Àwọn tó tilẹ̀ ṣiṣẹ́ náà, páàtì ńlá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn fi nǹkan bí ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún rẹlẹ̀ sí bó ṣe yẹ.

Ìdí kejì ni pé ẹyin ló máa ń darí ilé fún ìgbà àkọ́kọ́. Kóró tuntun ń sùn, ohun tí ìyá kó sínú ẹyin ni wọ́n ń ná. Lẹ́yìn náà ni ẹyin á jí kóró pé ó yá, gba ilé rẹ. Nínú eku, ìgbà tí ọlẹ̀ bá di sẹ́ẹ̀lì méjì ni. Ti èèyàn bọ́ sí mẹ́rin sí mẹ́jọ, ti màlúù sí mẹ́jọ sí mẹ́rìndínlógún. Tí ẹyin bá ń fi èdè màlúù jí kóró tí kò gbọ́ èdè màlúù, àwọn sẹ́ẹ̀lì á máa pín bíi pé kò sí nǹkan, títí oúnjẹ ìyá yóò fi tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má tètè pariwo nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé "ọlẹ̀ ti ń dàgbà". Ní ọdún 1999, ní Ṣáínà, wọ́n fi kóró panda sínú ẹyin ehoro, ó sì dàgbà dé ìpele bọ́ọ̀lù sẹ́ẹ̀lì tó ní ihò nínú. Ọmọ panda kankan kò tibẹ̀ jáde.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n fi kóró èèyàn sínú ẹyin màlúù?

Òótọ́ ni. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2008, àjọ HFEA tó ń ṣàkóso irú iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Yunifásítì Newcastle àti King's College London láṣẹ. Nígbà tó di oṣù Kẹrin, Newcastle kéde pé àwọn ti ṣe é, ọlẹ̀ náà sì lo ọjọ́ mẹ́ta. Ìdí tí wọ́n fi lo màlúù kò ṣòro: ẹyin èèyàn ṣọ̀wọ́n, obìnrin ní láti gba abẹ́rẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà kí wọ́n tó lè gba ẹyin díẹ̀ lára rẹ̀. Wọ́n fẹ́ sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n lè fi wo bí àwọn àìsàn kan ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò wá ọmọ.

Ariwo sọ, pàápàá láti ọ̀dọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì. Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún, àwọn aṣòfin dìbò lórí bóyá kí wọ́n fòfin dè é: 336 ní kí wọ́n má dè é, 176 ní kí wọ́n dè é. Òfin tó jáde gba ọjọ́ 14 péré, kò sì gba kí ẹnikẹ́ni gbé irú ọlẹ̀ bẹ́ẹ̀ sínú obìnrin. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé lẹ́yìn gbogbo ìjà yẹn, iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kú. Ní ọdún 2009, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ẹyin màlúù, ti ehoro àti ti eku kò lè jí kóró èèyàn bó ṣe yẹ. Shinya Yamanaka ní Japan ti fi hàn ṣáájú, ní 2006 lára eku àti ní 2007 lára èèyàn, pé wọ́n lè sọ sẹ́ẹ̀lì awọ ara di irú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń wá láìlo ẹyin rárá. Ta ni yóò tún máa lọ kó ilé ẹyin níbi ìpẹran?

Wọ́n ní 99.9 nínú ọgọ́rùn-ún ọlẹ̀ inú ẹyin màlúù yẹn jẹ́ èèyàn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Tó bá jẹ́ oríṣi jíìnì lẹ ń kà, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà DNA maitokọ́ńdíríà tó wà nínú ẹyin màlúù kan lè lé ní 100,000. Iye yẹn nìkan kò sọ gbogbo òótọ́. Wọ́n fi fọkàn àwọn èèyàn balẹ̀ ni.

Ọmọ olóbìí mẹ́ta tí wọ́n ń sọ ńkọ́?

Ìyẹn jẹ́ èèyàn pẹ̀lú èèyàn. Wọ́n ń gbé kóró ìyá tí maitokọ́ńdíríà rẹ̀ ní àìsàn sínú ẹyin obìnrin mìíràn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí i ní ọdún 2015. Ẹranko kò sí nínú rẹ̀.

Kí ni òfin Nàìjíríà sọ?

Òfin Ìlera ti ọdún 2014, abala 50, kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti gbé kóró sínú ẹyin nítorí àtidá ẹ̀dà èèyàn. Ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ó kéré tán ni, kò sì sí pé ẹni náà lè san owó ìtanràn dípò.

Èyí ò kan oúnjẹ mi, àbí?

Ó kàn án, ó sì ṣeé ṣe kó ti wà nínú kíṣìnì yín. Òróró canola, ìyẹn òróró rapeseed, ni mò ń sọ. Àwọn àgbẹ̀ fẹ́ irúgbìn àdàlù tó ń so dáadáa, ṣùgbọ́n òdòdó rapeseed máa ń fún ara rẹ̀ lóyún. Ẹni tó bá fẹ́ dà á pọ̀ mọ́ irú mìíràn ní láti wá abo tí kì í mú lẹ́búlẹ́bú akọ jáde. Ní ọdún 1968, Ogura ní Japan rí rádíìṣì kan tí òdòdó rẹ̀ kì í mú lẹ́búlẹ́bú jáde. Inú maitokọ́ńdíríà ni àbùkù náà wà.

Wọ́n kó omi sẹ́ẹ̀lì rádíìṣì yìí sábẹ́ kóró rapeseed. Lẹ́búlẹ́bú pòórá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí òtútù dé, ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, torí àwọn ohun tó ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀, tí àwọn náà ní DNA tiwọn, jẹ́ ti rádíìṣì, wọn kò sì bá kóró rapeseed rẹ́. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì náà ni. Ní ilẹ̀ Faransé, Georges Pelletier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bọ́ èèpo líle kúrò lára sẹ́ẹ̀lì méjèèjì, wọ́n pò wọ́n pọ̀, wọ́n wá ṣa àwọn tó mú jẹnẹrétọ̀ rádíìṣì ṣùgbọ́n tó mú àwọ̀ ewé ti rapeseed. Ọdún 1983 ni wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde. Ewé padà tutù. Púpọ̀ nínú rapeseed àdàlù tí wọ́n ń gbìn ní Yúróòpù láti ìgbà náà, orí rẹ̀ ni wọ́n gbé e kà.

Ṣé wọ́n á fi jí mámọ́ọ̀tì dìde?

Mámọ́ọ̀tì ni erin onírun tó ti parun. Wọ́n rí òkú ọ̀kan nínú yìnyín Siberia, Yuka lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ó ti lo nǹkan bí ọdún 28,000 níbẹ̀. Ní ọdún 2019, àwọn ará Yunifásítì Kindai ní Japan sọ pé àwọn yọ kóró látinú ẹran ara rẹ̀, àwọn sì fi sínú ẹyin eku. Ẹyin eku náà gba àlejò rẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀: nínú àwọn kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta okùn tí sẹ́ẹ̀lì fi ń pín kúrómósóòmù. Ibẹ̀ ló dúró sí. DNA náà ti já wẹ́wẹ́ jù, kò sí ìkankan tó pín sí méjì.

Nígbà tí mo sọ èyí ní kíláàsì, ọmọ ìjókòó ẹ̀yìn kan ní, "Sà, ẹyin eku ni wọ́n ní kó gbé erin?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹyin ọ̀hún gbìyànjú o."